Okùn Ìwọ̀n ní Withernsea

Lóru ní Withernsea, òkun ń jẹ ilẹ̀.
Kì í jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa;
díẹ̀díẹ̀ ni, bí arúgbó ṣe ń jẹ ẹ̀pà.
Ọ̀nà tí mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá
ti já sínú omi.
Wọ́n fi irin dí i, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àmì ìkẹyìn ọjọ́ ni.
Mo dákẹ́. Èmi náà ti ka ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì:
eéṣú tó jẹ oko tán, iná tó wọ ààfin,
ọjọ́ Olúwa tí wọ́n ń retí bí ọdún
tó wá dé bá wọn bí òru.

Láàárín agogo méjì sí mẹ́ta ni mo máa ń kà á,
tí mo bá ti yí àwọn arúgbó padà lórí ibùsùn wọn
tí ilé sì pa rọ́rọ́.
Kí n má parọ́: mi ò kà á fún ara mi.
Àbúrò mi Olúgbọ́yèga ni mo ń kà á lé lórí,
ẹni tó gba owó ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi
tó ń fi fọ́tò ilé onílé ránṣẹ́ láti Ìkirun:
"Ẹ̀gbọ́n mi, a ti dé orí òrùlé."
Òrùlé wo? Koríko ló wà níbẹ̀, àti ewúrẹ́.
Eéṣú ni mo ń bẹ Ọlọ́run kó rán sí i.

Títí mo fi dé ibi tí Olúwa dúró lẹ́bàá ògiri
tòun ti okùn ìwọ̀n lọ́wọ́.
Àyà mi já.
Mo rántí ìsìnkú bàbá mi tí mi ò lọ.
Mo sọ fún wọn nílé pé ìwé ìgbélùú ló dá mi dúró.
Ìwé ìgbélùú wà nínú àpótí.
Àfikún owó iṣẹ́ ọdún Kérésì ni mo ń lé.

"Kí lò ń kà tí ojú rẹ fi rí báyẹn?"
Bàbá Thackray ni. Kì í sùn.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
ó fi àádọ́ta ọdún mọ ilé oníbíríkì.
Ibby ló ń pè mí; Ìbídùnní wúwo jù lẹ́nu rẹ̀.
Ìgbà ìsìnkú nìkan ló ń rí inú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sọ bẹ́ẹ̀.
Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Ó na ọwọ́ tó ń gbọ̀n sókè nínú òkùnkùn,
ó mú okùn tí kò sí níbẹ̀, ó jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀,
ọwọ́ náà kò sì gbọ̀n mọ́.
"Ibby, bí wọ́n bá ní ká lọ wó ògiri,
òòlù là ń gbé lọ.
Mi ò rí ẹni tó mú okùn ìwọ̀n lọ síbi àwókù rí,
àfi tó bá ṣì ní in lọ́kàn láti tún un mọ."

Ó sùn.
Mo ka ìwé náà dé òpin, ibi tí mi ò dé rí,
torí ìbínú mi máa ń rẹ̀ mí lójú ọ̀nà.
Níbẹ̀ ni Olúwa ti ń gbé àgọ́ tó wó dìde,
tó ń dí àlàfo rẹ̀, tí àjàrà tún ń so.
Ẹnu kan náà tó bú ramúramù ló sọ ọ́.

Òkun kò dáwọ́ dúró o.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọgbà ẹnìkan ti dín ẹsẹ̀ bàtà méjì.
Mi ò sọ pé ìdájọ́ kò sí.
Ògiri mi wọ́, mo mọ̀.

Níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo pe Olúgbọ́yèga.
"Ẹ̀gbọ́n mi?" Ohùn rẹ̀ kéré,
bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tó fọ́ ìkòkò.
Gbogbo èébú tí mo tò kalẹ̀ fún un pòórá.
Mo ní, "Ilẹ̀ yẹn ńkọ́?
Ṣé ìpìlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?"